Ìbéèrè Kì í Ṣe Ìwọ̀sí

Ètò yín ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ la tún gbé dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí rédíò yín sókè díẹ̀. Ọ̀rọ̀ aṣáájú la fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ owó sì wà nínú rẹ̀.

Ìlú kan ni mo fẹ́ mú wa lọ. Aténì lorúkọ rẹ̀, ní ilẹ̀ Gíríìsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka Bíbélì á ti mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ ni Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti dúró wàásù fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ṣùgbọ́n ohun tá a fẹ́ sọ ti ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí Pọ́ọ̀lù tó débẹ̀.

Ọkùnrin kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Pericles. Ọ̀gágun ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ni. Nígbà ayé rẹ̀, kò sẹ́ni tẹ́nu rẹ̀ ká ìlú tó tirẹ̀. Ọmọ kan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tọ́, Alcibiades lorúkọ ọmọ náà, bàbá rẹ̀ ti kú sójú ogun. Plutarch, tó kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn méjèèjì, sọ pé lọ́jọ́ kan, Alcibiades lọ kí Pericles nílé. Ó dé ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ní kó máa lọ, ọwọ́ Bàbá dí. Kí ni Bàbá ń ṣe? Wọ́n ní ó ń ro bó ṣe máa jíhìn fáwọn ará ìlú. Alcibiades bá yíjú padà. Ó ní ṣé kò ní dáa jù kí Bàbá máa ro bí kò ṣe ní jíhìn rárá?

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ rẹ́rìn-ín o. Irú Alcibiades yẹn pọ̀ láàárín wa, ẹ sì mọ àwọn tí mò ń sọ. Àmọ́ ẹ fi ti ọmọ sílẹ̀ ná, ẹ wo bàbá. Ọkùnrin tó lágbára jù nílùú, tó ń kó ọmọ ogun jáde, tó bá ti sọ̀rọ̀ tí gbogbo ìpàdé á pa lọ́lọ́, òun ló ti ìlẹ̀kùn mọ́rí tó ń ṣírò owó. Kò ráyè àlejò. Ta ló ń bẹ̀rù? Kò sí ọba kankan lórí rẹ̀. Oníbàtà ló ń bẹ̀rù. Apẹja ló ń bẹ̀rù. Amọ̀kòkò àti àgbẹ̀ tó wọlé láti oko ló ń bẹ̀rù. Àwọn ló máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn. Kí ló dé tí alágbára fi jókòó ti ìwé owó báyẹn? Kí ló dé tí kò fi bínú pé wọ́n fẹ́ bi òun? Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn kan wà lọ́kàn yín, torí màá máa padà síbẹ̀: ìbéèrè kì í ṣe ìwọ̀sí.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní Aténì ìgbà náà, ọdún kan péré lèèyàn ń lò ní ọ̀pọ̀ ipò. Gègé ni wọ́n fi ń mú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, àfi àwọn ọ̀gágun àti ìwọ̀nba mìíràn tí wọ́n ń dìbò yàn. Àmọ́ bí gègé bá tilẹ̀ mú ọ, o ò tíì wọlé. Wọ́n á kọ́kọ́ mú ọ síwájú èrò, wọ́n á bi ọ́. Fún àwọn olóyè mẹ́sàn-án tó ga jù, ìbéèrè náà lọ báyìí. Ta ni bàbá rẹ? Ta ni ìyá rẹ? Ta ló bí wọn? Ibo ni sàréè ẹbí rẹ wà? Ṣé ò ń tọ́jú àwọn òbí rẹ? Ṣé ò ń san owó orí? Ṣé o lọ sógun nígbà tí ìlú pè ọ́? Wọ́n á ní kó o mú ẹlẹ́rìí wá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á béèrè lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ pé ta ló ní ẹjọ́ kan sí ọkùnrin yìí?

Ẹ dákun, ẹ bá mi padà síbi òbí yẹn. Ẹni tí kò tọ́jú ìyá tó bí i, ìlú wo ló fẹ́ tọ́jú? Èmi fẹ́ràn ìbéèrè yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ wa báyìí ni, àwọn kan ò bá ti máa wá oníkunlé lóru, kó bá wọn kun ilé ìyá wọn ní abúlé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Tẹ́ni tí wọ́n mú bá wá wọlé sípò tán, kò sí ìsinmi. Nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá láàárín ọdún, ìpàdé gbogbogbòò á béèrè pé ṣé àwọn tó wà nípò ń ṣe dáadáa? Ẹ nawọ́ ká rí i. Bí ọwọ́ tó lòdì sí ẹnì kan bá pọ̀ jù, wọ́n á dá a dúró, ó di kóòtù.

Ìgbà tí ọdún bá parí ni iṣẹ́ gan-an wá bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùṣírò owó á gba ìwé rẹ. Wọ́n á wo èyí tó wọlé, wọ́n á wo èyí tó jáde. Ọ̀rọ̀ á wá lọ sí kóòtù, níwájú àwọn ará ìlú tó lé ní 500. Akéde á dìde, á ké pé ta ló fẹ́ fẹ̀sùn kàn án? Ṣé ẹ̀ ń fojú inú wò ó? Ẹ fi ara yín sípò ọkùnrin yẹn. Ọdún kan lẹ fi ṣiṣẹ́ ìlú. Ẹ dúró síbẹ̀, ẹ̀ ń wo ojú èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹnì kan á dìde. Ẹ rí aládùúgbò yín tẹ́ ẹ jọ jà lórí ààlà ilẹ̀, ó ń wúkọ́. Ṣé ó fẹ́ dìde ni, àbí ikọ́ lásán ni?

Kò tíì tán. Tẹ́ ẹ bá jáde ní kóòtù, ọjọ́ mẹ́ta ṣì wà. Nínú ọjà Aténì, wọ́n to ère àwọn akọni mẹ́wàá, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ìlú náà ló ní akọni tirẹ̀. Lásìkò tí ọjà bá kún, ẹnì kan á jókòó sídìí ère ẹ̀yà rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀, á mú pákó kan tí wọ́n kùn ní funfun. Á kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Á kọ orúkọ ẹni tó ń fẹ̀sùn kàn. Á kọ ohun tónítọ̀hún ṣe, á sì kọ ìyà tó rò pé ó tọ́ sí i. Á gbé pákó náà fún ẹni tó jókòó yẹn. Ṣé ẹ kíyè sí i pé orúkọ ara rẹ̀ wà níbẹ̀? Kì í ṣe ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, tẹ́nikẹ́ni ò mọ ẹni tó sọ ọ́.

Títí wọ́n á fi parí gbogbo èyí, ẹni tó ń jíhìn kò gbọdọ̀ rìnrìn-àjò kúrò nílùú. Kò gbọdọ̀ kó dúkìá rẹ̀ fún òrìṣà. Kò gbọdọ̀ ṣe ìwé ìhágún. Kí nìdí? Kó má baà jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá rí i pé ó jẹ gbèsè ìlú, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n máa bá.

Ẹni tí kò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ìlú ńkọ́? Òun náà á jíhìn o! Òfin sọ ohun tó máa kọ: pé òun ò gba nǹkan kan nínú owó ìlú, òun ò sì ná nǹkan kan. Ó parí. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ ọ́. Àwọn àwòrò òrìṣà pàápàá, tí iṣẹ́ wọn ò ju ẹbọ àti àdúrà lọ, wọn ò yọ wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tan rédíò yín, ẹ káàbọ̀. Ìlú Aténì àtijọ́ la wà, à ń wo bí wọ́n ṣe ń bi aṣáájú léèrè owó ìlú. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìbéèrè kì í ṣe ìwọ̀sí. Kí ló dé tí kì í fi í ṣe ìwọ̀sí níbẹ̀? Torí pé gbogbo èèyàn ni wọ́n ń bi. Ẹni tí wọ́n fura sí, wọ́n bi í. Ẹni tí wọn ò fura sí, wọ́n bi í. Ọ̀gágun tó ṣẹ́gun dé, wọ́n bi í. Àwòrò tó kàn ń rúbọ, wọ́n bi í. Nígbà tó ti kárí, ta ló máa sọ pé èmi ni wọ́n ń wá?

Ẹ tún lè bi mí pé báwo la ṣe mọ gbogbo èyí. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà nínú ìwé kan lórí ìjọba Aténì, èyí tí wọ́n ní Aristotle tàbí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ kọ. Ìwé náà sọnù fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilẹ̀ Íjíbítì ni wọ́n ti rí i, nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1891. Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìwé àlòkù ni wọ́n kọ ọ́ sí. Kí ló wà lójú ìwé náà tẹ́lẹ̀? Ìṣirò owó oko! Alábòójútó oko kan tó ń jẹ́ Didymus ló kọ owó tó wọlé àti owó tó jáde sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wálé. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù kan, ní àdúgbò kan tí n kò ní dárúkọ, torí gbogbo àdúgbò ló jọra. A ti dáwó tiransifọ́mà. Tiransifọ́mà ò dé. Oṣù ń gorí oṣù. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sílé tuntun níparí àdúgbò nawọ́ sókè. Ó ní ẹ jọ̀ọ́ sà, mo kí akápò wa, mo kàn ní kí n béèrè, èló ló wà nílẹ̀ báyìí?

Haa! Ilé gbóná. Ẹnì kan ní ṣé ò ń pe Bàbá lólè ni? Òmíràn ní ìgbà wo lo tiẹ̀ dé àdúgbò yìí? Bàbá akápò fúnra rẹ̀ dìde, ó tún fìlà dé, ó ní òun ò ṣe mọ́, ẹ wá gba ìwé yín. Làwọn àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí. Wọ́n ní kí ọmọkùnrin yẹn dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbàdúrà, ìpàdé tú ká. Èló ló wà nílẹ̀? Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ṣé irọ́ ni mo pa? Ẹ̀yin ẹlẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ṣé irọ́ ni? Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí? Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ tó ń ṣèpàdé ní Lọ́ńdọ̀nù, tẹ́ ẹ ń gbọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé irọ́ ni?

Bàbá akápò yẹn lè má jalè o. Ó ṣeé ṣe kí owó náà pé ṣánṣán ní báńkì. Ohun tó dùn ún ni pé òun nìkan ni wọ́n bi, lójijì, lójú àwùjọ. Ká ní ó ti wà nínú òfin ẹgbẹ́ pé lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta, akápò á ka ìwé owó sétí gbogbo wa, ẹni yòówù kó jẹ́ akápò, ta ló máa bínú? Ọmọkùnrin yẹn ò tiẹ̀ ní láti nawọ́. Àwa la fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ títí ó fi di ìfura, ká tó wá béèrè. Ìfura ló ń ta èèyàn lára, kì í ṣe ìbéèrè.

Ẹ jẹ́ n padà sí Aténì, torí ìtàn kan wà níbẹ̀ tí mi ò gbọdọ̀ fò. Ọkùnrin kan ń jẹ́ Aristides. Aristides Olódodo ni wọ́n ń pè é. Plutarch náà ló sọ ìtàn yìí. Wọ́n fi Aristides ṣalábòójútó owó ìlú. Ó ṣí ìwé, ó rí i pé àwọn tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀ àtàwọn tí wọ́n jọ wà nípò ti ń jẹ owó, àwọn èèyàn ńláńlá wà nínú wọn. Ó tú àṣírí wọn. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Nígbà tó kan òun náà láti jíhìn, wọ́n kóra jọ, wọ́n fẹ̀sùn olè kan òun gan-an. Wọ́n sì dá a lẹ́bi! Ọpẹ́lọpẹ́ àwọn èèyàn pàtàkì kan nílùú tí wọ́n fárí gá pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n fi mú owó ìtanràn kúrò lọ́rùn rẹ̀, tí wọ́n sì dá a padà sípò.

Lọ́tẹ̀ yìí, Aristides yí ọwọ́ padà. Ó ṣe bí ẹni tí kò ríran. Kò yẹ ìwé ẹnikẹ́ni wò fínnífínní. Ẹni tó bá mú owó, ó mú un lọ nù un. Ni ìlú bá bẹ̀rẹ̀ sí í yìn ín! Àwọn tó ń jẹ owó wá ń lọ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sọ́dọ̀ ẹnì kejì, pé àfi kẹ́ ẹ tún yan ọkùnrin yìí, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Bí wọ́n ṣe fẹ́ nawọ́ yàn án, Aristides dìde. Ó sọ fún wọn pé nígbà tóun ṣọ́ owó wọn, ẹ̀tẹ́ ni wọ́n fi san án fóun. Nígbà tóun fi owó sílẹ̀ fún olè, òun wá di ẹni iyì. Ó ní ojú ń ti òun nítorí ìyìn yìí ju bó ṣe tì í lọ́jọ́ tí wọ́n dá a lẹ́bi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ta là ń yìn láàárín wa? Ẹni tó ṣọ́ owó ni, àbí ẹni tó bù ú fún wa? Tí aṣáájú bá wá síbi ìnáwó wa, tó ná owó sí wa lórí, tí onílù ń kì í, ṣé a máa ń béèrè ibi tó ti rí i? Mo kàn ń béèrè ni o. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbéèrè kì í ṣe ìwọ̀sí.

Àwọn ará Aténì mọ̀ pé ìyìn léwu. Wọ́n ní òfin kan tó sọ pé ẹni tó wà nípò, tí kò tíì jíhìn, ẹ kò gbọdọ̀ fi adé dá a lọ́lá. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ńlá kan, Demosthenes, bójú tó àtúnṣe odi ìlú, ó sì fi owó ara rẹ̀ kún un. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí ìlú fi adé wúrà dé e. Aeschines, tí wọ́n jọ ń ṣọ̀tá, gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Ó ní ọkùnrin yìí ti jíhìn ni? Kí adé ṣì dúró ná. Lójú tèmi, òfin wà lẹ́yìn Aeschines. Ṣùgbọ́n ìlú fẹ́ràn Demosthenes, Aeschines ò sì rí tó ìdá kan nínú márùn-ún ìbò. Ló bá fi ìlú sílẹ̀. Ẹ rí i pé òfin dídára nìkan ò tó, báwọn tó máa lò ó bá ti ní ẹni tí wọ́n fẹ́ràn. Àmọ́ ẹ rántí iye oyè àti àmì ẹ̀yẹ tá a ti kó fún àwọn tí wọ́n ṣì wà lórí àga, ẹ wá sọ fún mi bóyá òfin yẹn kò wúlò fún wa. Ṣé oyè ò lè dúró de ìwé owó ni?

Ẹ má sì rò pé gbogbo ìgbà ni wọ́n ń le koko. Pericles yẹn kan náà, lọ́dún kan, ó ń ka ìṣirò rẹ̀ lọ, ó dé orí owó ńlá kan. Kí lo fi ṣe? Ó ní òun ná an sórí ohun tó pọndandan. Ó tán! Wọn ò tún bi í. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé ẹ̀yìn ló fi owó náà gbà fún àwọn olórí ogun Sparta, ìlú tó ń bá Aténì jagun, kí wọ́n kó ọmọ ogun wọn kúrò lórí ilẹ̀ Aténì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ owó tí à ń pè ní owó ètò ààbò lórílẹ̀-èdè yìí, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi? Owó tí gómìnà ń ná tẹ́nikẹ́ni ò bi í pé ibo ló gbà lọ? Ó ti pẹ́ tó ti dáyé. Àmọ́ ti Pericles jẹ́ ìlà kan péré nínú ìwé gígùn, wọ́n sì ka iye rẹ̀ síta. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn sì wọ ìlú láàárín ogun tó dé lẹ́yìn náà, tí inú bí àwọn èèyàn, wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Kò pẹ́ tí wọ́n tún fi yàn án padà.

Mo ti yin ìlú yìí tó. Ẹ jẹ́ n sọ apá kejì, torí ó burú.

Lọ́dún 406 ṣáájú ìbí Jésù, Aténì bá Sparta jà lójú omi, nítòsí àwọn erékùṣù Arginusae. Aténì ṣẹ́gun. Ìṣẹ́gun ńlá ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ kan ti fọ́, àwọn tó wà nínú wọn dì mọ́ pákó lójú òkun. Ìjì dé. Wọn ò rí wọn gbé. Òkun gbé wọn mì. Nígbà tí ìròyìn délé, ọ̀fọ̀ gba ìlú. Àwọn èèyàn ní káwọn ọ̀gágun wá ṣàlàyé. Títí dé ibẹ̀, mo fara mọ́ wọn. Ọmọ èèyàn ló kú. Ẹni tó kó wọn lọ gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀.

Àmọ́ lọ́jọ́ ìpàdé, wọn ò fẹ́ gbọ́ àlàyé mọ́. Wọ́n ní kí wọ́n dá gbogbo àwọn ọ̀gágun náà lẹ́jọ́ pọ̀, nínú ìbò kan ṣoṣo. Òfin sọ pé ẹjọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ló gbọ́dọ̀ dá dúró. Àwọn kan dìde pé èyí lòdì sófin. Èrò pariwo mọ́ wọn pé ta ló fẹ́ dá ìlú lọ́wọ́ kọ́? Nínú àwọn tó ń darí ìpàdé lọ́jọ́ náà, ẹ̀rù ba gbogbo wọn, àfi ọkùnrin kan. Socrates ni, amòye tẹ́ ẹ ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní òun ò ní ṣe ohun tí òfin ò wí. Wọn ò gbọ́ tirẹ̀. Wọ́n dá ọ̀gágun mẹ́jọ lẹ́bi ikú. Méjì ò padà sílé rárá. Wọ́n pa mẹ́fà tó kù. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Pericles ni, orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́.

Kò pẹ́, ojú ìlú wálẹ̀. Wọ́n kábàámọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n mú àwọn tó tan àwọn jẹ. Ṣé ìyẹn á jí òkú? Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Sparta borí Aténì pátápátá.

Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, à ń sọ̀rọ̀ bíbi aṣáájú léèrè, pé kì í ṣe ìwọ̀sí. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Níbo ni pákó funfun wà? Níbo ni ẹ̀sùn ẹnì kọ̀ọ̀kan wà? Ta ló dúró gbọ́ ìdáhùn? Aeschines ní kò sí ipò kankan ní Aténì tó bọ́ lọ́wọ́ ìjíhìn, títí dé ìgbìmọ̀ àwọn àgbà. Òótọ́ ni. Àfi ẹnì kan ṣoṣo tí kì í jíhìn fẹ́nikẹ́ni: èrò tó ń pariwo nínú ìpàdé. Ó lè pa èèyàn lónìí, kó lọ jẹun ilé rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ máa ń dá ẹjọ́ èèyàn lórí Facebook kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí o.

Àwa náà ní irú agbára tí kì í jíhìn bẹ́ẹ̀ nílé. Ní Ọ̀yọ́ ayé ọjọ́un, Aláàfin ò lè ṣe bó ti wù ú. Ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì wà níbẹ̀, Baṣọ̀run sì ni olórí wọn. Bí wọ́n bá kọ ọba, ọba gbọ́dọ̀ kú. Ìyẹn ni ìjíhìn tiwọn, ó sì le. Ó dára bẹ́ẹ̀, títí Baṣọ̀run Gáà fi dé. Gáà gba agbára yẹn sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ń fi èèyàn jọba, ó ń rọ̀ wọ́n lóyè. Àwọn ọmọ rẹ̀ tàn ká ìlú kéékèèké, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ta ló ń bi Gáà? Kò sẹ́ni. Aláàfin Abíọ́dún ló wá rẹ́yìn rẹ̀.

Kí n tó lọ, ohun kan ṣì ń jẹ mí lọ́kàn nínú ọ̀rọ̀ Aténì. Obìnrin ò lóhùn níbẹ̀. Àjèjì ò lóhùn. Ẹrú ò lóhùn. Bẹ́ẹ̀, ẹrú ìlú ló ń tọ́jú àwọn ìwé owó wọn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ san gbèsè, òun ló ń gbé pákó tí wọ́n kọ gbèsè sí jáde. Ó mọ ẹni tó jẹ. Ó mọ ẹni tó san. Òun ò sì lẹ́nu láti béèrè nǹkan kan. Ní ti obìnrin, ilẹ̀ wa sàn jù wọ́n lọ, torí Ìyálóde ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n lónìí, nínú ẹgbẹ́ yín, nínú ìjọ yín, ta lẹni tó ń dáwó tí kò lẹ́nu níbẹ̀? Ṣé ayálégbé ni? Ṣé àwọn ìyàwó ilé ni? Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ni?

Ẹ̀yin akápò tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, mi ò ní kẹ́ ẹ fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ẹ ṣáà mú ìwé yín dání lọ sí ìpàdé tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ dìde kí wọ́n tó bi yín, kẹ́ ẹ kà á látorí èyí tó wọlé dé èyí tó kù. Bí ẹ ò bá gba kọ́bọ̀, ẹ sọ pé ẹ ò gba kọ́bọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, tó bá kà á tán, ẹ kí i.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a máa kọjá sí Róòmù, níbi tí wọ́n ti lọ pe àgbẹ̀ kan wá látoko pé kó wá di aláṣẹ pátápátá, àti ohun tó ṣe nígbà tógun parí. Cincinnatus lorúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín.